Ìjàpá Tó Ń Kú Sójú Ọ̀nà: Bí A Ṣe Ń Tọ Epo Lẹ́sẹ̀ Láti Táńkì Dé Kábúrétọ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Ìjàpá mi, ìyẹn mọ́tò Volkswagen Beetle, fi fojú mi rí màbo. Bí mo bá ṣíná sí i láàárọ̀ nílé wa ní Màsífà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń dáhùn. Bí mo bá ń fi í yí ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́ ká, láti Tákìé sí Ọjà Ìgbò, láti Ọjà Ìgbò sí Arówómọlẹ̀, kò ní ṣe bí ẹni tó mọ wàhálà rárá. Àfi kí n kọrí sí ọ̀nà Ìlọrin. Kí n tó dé Gáḿbàrí, á ti máa wúkọ́, á máa fà sẹ́yìn bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà, lẹ́yìn náà á kú pátápátá. Màá jẹ́ kó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, màá jókòó sábẹ́ igi kaṣú fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Bí mo bá tún ṣíná, á jí, bí ẹni pé oorun lásán ló sùn.

Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi mú síkúrúdíráfà. Ó ní, "Kábúrétọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n." Ó tú u, ó fọ̀ ọ́, ó gbowó. Mọ́tò tún kú. Ó tún un tú. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kí n lọ ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀, ibi tí àìsàn náà wà kò sún mọ́ kábúrétọ̀ rárá. Ìpẹ̀kun kejì mọ́tò ló wà, a óò débẹ̀ láìpẹ́.

Nínú gbogbo ohun tí epo ń gbà kọjá, kábúrétọ̀, tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì, ni ẹni ìkẹyìn tó yẹ ká fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Òun ló sì máa ń kọ́kọ́ jìyà, nítorí pé òun ló wà níta gbangba tí ọwọ́ ń tètè tó. Ọ̀nà tí mo fẹ́ fi hàn yín yìí, láti orí táńkì ló ti bẹ̀rẹ̀, oríkèé kan lẹ́yìn òmíràn, tí a kò ní fò kankan.

Ìjàpá tèmi ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Èkó ní 1975. Bàbá mi ló rà á. Ọdún 1975 yẹn náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń to Peugeot ní Kàdúná. Ohun tí mo ń sọ níhìn-ín bá Peugeot 504 oníkábúrétọ̀ mu pẹ̀lú, ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀ síra, màá sọ.

Ọ̀nà tí epo ń tọ̀

Táńkì Ìjàpá wà níwájú, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ń gba nǹkan bíi lítà 40. Ní ìdí rẹ̀ ni asẹ́ kékeré kan wà tó ń dá ìdọ̀tí dúró. Epo á gba ibẹ̀ bọ́ sínú họ́ọ̀sì, họ́ọ̀sì á gbé e fún páìpù irin tó gba inú ihò gbọọrọ tó wà láàárín ìjókòó iwájú méjèèjì kọjá, títí á fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíáàbọ́ọ̀sì lẹ́yìn. Họ́ọ̀sì mìíràn á tún gbà á níbẹ̀, á wọ inú ilé ẹ́ńjìnì, á lọ bá pọ́ǹpù tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dìsìtíríbútọ̀, èyí tó ń pín iná fún pọ́lọ́ọ̀gì. Pọ́ǹpù á wá tì í sókè sí kábúrétọ̀.

Pọ́ǹpù yìí kò lo iná mànàmáná. Ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló ń fi ọ̀pá irin kékeré kan gún un lábẹ́, tí rọ́bà pẹlẹbẹ inú rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò. Bó bá lọ sílẹ̀, á fa epo. Bó bá gòkè, á tì í jáde. Tí ẹ́ńjìnì kò bá yí, pọ́ǹpù kò ṣiṣẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó máa wúlò.

Ti 504 yàtọ̀ díẹ̀: táńkì wà lẹ́yìn lábẹ́ búùtù, ẹ́ńjìnì wà níwájú, pọ́ǹpù sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ wa mọ́tò síta, kì í ṣe sínú gáréèjì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára epo wúwo ju èyí tí à ń mí lọ. Ilẹ̀ ló ń rá bí ejò, ó lè rìn jìnnà kó tó bá iná pàdé. Nítorí náà kì í ṣe sìgá nìkan ni ẹ̀rù rẹ̀, ààrò ìyá tó ń dín àkàrà ní ilé márùn-ún sí yín náà ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ gbé iyanrìn gbígbẹ sítòsí, tí ẹ bá sì ní ẹ̀rọ panápaná, ẹ gbé e jáde kúrò lábẹ́ ìjókòó kó wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Ẹ má fi omi pa iná epo. Irin tí wọ́n fi ṣe ikùn ẹ́ńjìnì Ìjàpá ní magnesium nínú. Bí òun náà bá ti gbiná, omi á tún mú un bínú ni.

Bátìrì wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ yọ orí rẹ̀ kan nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ tú họ́ọ̀sì, ẹ dá a padà nígbà tí àyẹ̀wò bá nílò iná. (Bí ẹ ti dé ibẹ̀, ẹ wò ó bóyá sípíríǹgì ìjókòó kò máa kan orí bátìrì. Ó ti jó Ìjàpá níná rí, kò sì ní ohun kan ṣe pẹ̀lú epo.)

Ohun méjì kan wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe, bó ti wù kí ẹni tó ń ṣe é níwájú yín mọ iṣẹ́ tó. Èkíní, ẹ má fẹnu fa epo nínú họ́ọ̀sì. Bí díẹ̀ bá ṣèèṣì gba ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ilé ìwòsàn ló kàn. Èkejì, ẹ má da epo sí kábúrétọ̀ lẹ́nu nígbà tí ẹnìkan ń ta sítátà. Ẹ́ńjìnì lè pọ iná padà sókè, ojú ẹni tó ń da epo ló sì máa kọ́kọ́ pàdé rẹ̀.

Ṣé epo ni lóòótọ́?

Ẹ́ńjìnì tí iná pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ ti kú àti ẹ́ńjìnì tí epo kò dé jọra bí ìbejì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà wọ́n.

Ẹ yọ ìdérí fílítà afẹ́fẹ́ kúrò lórí kábúrétọ̀, kí ẹ lè máa wo inú ọ̀fun rẹ̀. Ẹ má ṣíná. Ẹ fi ọwọ́ fa ọ̀pá ara kábúrétọ̀ tó máa ń yí bí ẹsẹ̀ bá tẹ epo, ní ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ sì wò ó dáadáa: epo gbọ́dọ̀ ta fín-ín-ín sínú ọ̀fun náà. Tó bá ta, epo wà nínú ikùn kábúrétọ̀. Tí kò bá ta lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kó ti gbẹ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ta sítátà fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ sì tú pọ́lọ́ọ̀gì kan. Bí ẹnu rẹ̀ bá tutù tó ń rùn epo, epo ń dé. Ẹ lọ wá ríwáyà, ọ̀ràn iná ló kàn. Bó bá gbẹ táútáú, ẹ máa bá mi bọ̀.

Táńkì

Ẹ má rẹ́rìn-ín: ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá epo wà níbẹ̀. Géèjì mọ́tò tó ti lo ogójì ọdún kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé. Ẹ ti igi tín-ínrín tó gbẹ tó sì mọ́ bọ táńkì lẹ́nu, ẹ fà á jáde, ẹ wo ibi tó tutù dé. Mo mọ ọ̀gbẹ́ni kan tó ti san owó pọ́ǹpù tuntun kó tó wo táńkì.

Lẹ́yìn náà, ìdérí. Ibí ni ọ̀ràn tèmi wà.

Bí pọ́ǹpù ṣe ń fa epo kúrò nínú táńkì, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Nínú Ìjàpá àtijọ́, ihò tóóró kan lára ìdérí ni táńkì fi ń mí. Àwọn tó dé lẹ́yìn ní họ́ọ̀sì kékeré fún un. Bí ihò yẹn bá dí, táńkì á máa fa ara rẹ̀ mọ́ra, pọ́ǹpù á máa fà, kò ní rí nǹkan fà mọ́. Bí ẹ bá rìn díẹ̀ tí ẹ dúró, bóyá níwájú ṣọ́ọ̀bù tàbí nínú ọjà, afẹ́fẹ́ á rọra wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ kò ní mọ nǹkan kan. Ìrìn gígùn tí kò ní ìdádúró ló máa ń tú àṣírí rẹ̀.

Bàbá kan ní Òkè-Lérín, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì, ló gbà mí. Kò bọ́ sábẹ́ mọ́tò, kò béèrè sípánà. Orí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ló jókòó sí tó ń bi mí léèrè.

"Tíṣà, ṣé ọ̀sán nìkan ló ń kú ni?"

Mo ní, "Rárá o, bàbá. Ó kú lóru ọjọ́ Sátidé tí mò ń bọ̀ láti ibi òkú."

"Òtútù mú lálẹ́ ọjọ́ náà?"

"Ó mú, bàbá."

"Kì í ṣe ooru nìyẹn. Bó bá tún kú, má jókòó sábẹ́ igi. Tú ìdérí táńkì, kí o sì dẹtí."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo tú u, lójú ọ̀nà. Ó fà á, fíìììì, bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lọ́rùn tí wọ́n wá fi sílẹ̀. Mo ṣíná, ó jí lójú ẹsẹ̀, n kò dúró ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí mo wo inú ìdérí, kí ni mo rí? Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, tí wọ́n ká ní ìlọ́po méjì. Rọ́bà inú ìdérí ti jẹ, epo ń ta síta, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo rán lọ sílé epo sì wá ọgbọ́n sí i. Ó bá mi tún un ṣe ni. Kò sọ fún mi nítorí pé kò ka iṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ sí ohun à ń sọ.

Nítorí náà: bí mọ́tò yín bá ń kú lẹ́yìn ìrìn gígùn, tó sì ń jí lẹ́yìn ìsinmi, ìdérí ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, lójú ẹsẹ̀ tó bá kú, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ihò rẹ̀ kó là, ẹ pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀, ẹ má ra ìdérí mọ́tò mìíràn kàn án kìkì nítorí pé ó bá a mu lẹ́nu. Ìdérí tí kò ní ihò kò yàtọ̀ sí ọ̀rá tèmi.

Epo fúnra rẹ̀ ńkọ́? Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ń gbé Ìjàpá kalẹ̀, tó di ọjọ́ ọdún tàbí ọjọ́ ìgbéyàwó kó tó jáde. Epo tó pẹ́ nínú táńkì kì í dúró bó ṣe wà. Èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀, tó ń tètè gbiná, á fò lọ. Èyí tó kù á máa ki, á máa di nǹkan tó ń lẹ̀ bí oje igi. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Epo tó dáa máa ń ta yàn-ìn ní imú. Èyí tó ti bàjẹ́ ń rùn bí ọ̀dà tó ti pẹ́.

Omi sì tún wà. Epo inú kẹ́ẹ̀gì tí a rà lẹ́bàá ọ̀nà nígbà ọ̀wọ́n, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí kẹ́ẹ̀gì náà gbé lánàá. Ẹ fa epo díẹ̀ láti ìdí táńkì sínú ìgò tó mọ́ kedere, ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Epo fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà omi á jókòó sísàlẹ̀, ìlà á sì hàn láàárín wọn. Bí ìpẹtà bá wà, ẹ máa rí i bí gàárì pupa ní ìdí ìgò. Bí omi tàbí ìpẹtà bá pọ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀: ẹ tú táńkì kalẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fọ asẹ́ ìdí rẹ̀. Ti Ìjàpá kò le, bóòtù mẹ́rin ló dè é mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ lọ jó táńkì tó ń jò, ẹ bi í bóyá ó mọ̀ pé táńkì tí epo ti tán nínú rẹ̀ léwu ju èyí tó kún lọ. Afẹ́fẹ́ epo ló ń bú gbàmù.

Páìpù, họ́ọ̀sì àti fílítà

Rírọrùn ni àyẹ̀wò ibí yìí nínú Ìjàpá. Bí epo bá ju ìdajì táńkì lọ, ẹ yọ họ́ọ̀sì tó ń wọ pọ́ǹpù, ẹ darí ẹnu rẹ̀ sínú ìgò tó rẹlẹ̀. Epo á máa ṣàn fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó fà á. Bí ó bá ń kán tó-tó-tó, tàbí tí kò wá rárá, nǹkan dí láàárín táńkì àti ọwọ́ yín: fílítà, páìpù irin, tàbí asẹ́. Ẹ yọ fílítà, ẹ tún un dán wò láìsí i. Bó bá ṣàn báyìí, ẹ ti mú olè. Bí kò bá ṣàn síbẹ̀, ẹ tú ti ìdí táńkì náà sílẹ̀, kí ẹ wá bẹ fọganáísà kó fẹ́ afẹ́fẹ́ láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, kí ìdọ̀tí lè jáde síbi tó gbà wọlé. Kí ẹ sì yọ páìpù kúrò lára táńkì kó tó fẹ́ ẹ o. N kò fẹ́ kí ẹ fẹ́ epo sí ara yín lójú. (Ti 504 kò ní ṣàn bẹ́ẹ̀, táńkì rẹ̀ rẹlẹ̀ jù.)

Họ́ọ̀sì tó wà láàárín táńkì àti pọ́ǹpù ní ìwà ẹ̀tàn kan. Bó bá sán, ó lè má jò rárá, pàápàá nínú 504. Ìdí ni pé fífà ni wọ́n ń fa epo inú rẹ̀, kì í ṣe títì. Afẹ́fẹ́ ló ń gba ojú sísán náà wọlé. Ẹ ó rí mọ́tò tí kò jò síbì kankan, àmọ́ tí agbára rẹ̀ ti tán lórí òkè. Ẹ fi fílítà tó ń dán bíi gíláàsì sí i, kí ẹ wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́: bí ìfófòó bá ń kọjá nínú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbì kan lẹ́yìn.

Ẹ ra họ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún epo ní tòótọ́. Èyí tó funfun tí wọ́n ń gé tà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, epo á sọ ọ́ di gbígbẹ gan-an láàárín oṣù díẹ̀, á wá sán bí ìkòkò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ so ẹnu họ́ọ̀sì fún yín dípò kílíìpù. Epo ń jẹ rọ́bà yẹn.

Ibi tí fílítà wà tún ṣe kókó. Àwọn mẹkáníìkì fẹ́ràn láti gbé e kọ́ sórí ẹ́ńjìnì, láàárín pọ́ǹpù àti kábúrétọ̀, kí ojú lè máa rí i. Ibẹ̀ gbóná, ó ń mì, ìwọ̀n fílítà sì ń fa họ́ọ̀sì sísàlẹ̀. Bó bá já, orí dìsìtíríbútọ̀ ló máa da epo sí. Bí ọ̀pọ̀ Ìjàpá ṣe jóná nìyẹn. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíáàbọ́ọ̀sì tàbí sábẹ́ táńkì. Bí ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ fi ọwọ́ mi ọ̀pá idẹ kékeré tí họ́ọ̀sì wọ̀ lára kábúrétọ̀. Títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé, kò ní ìdè. Bó bá ń yí lọ́wọ́ yín, ẹ má wa mọ́tò náà títí wọ́n fi máa tún un ṣe.

Pọ́ǹpù

Ẹ yọ họ́ọ̀sì lẹ́nu kábúrétọ̀, ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò. Ẹ yọ wáyà tó ń gbé iná wọ kóìlì, èyí tí wọ́n kọ 15 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí pọ́lọ́ọ̀gì má baà ta iná. Ẹ ní kí ẹnìkan ta sítátà fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Epo gbọ́dọ̀ máa tú jáde pẹ̀lú agbára, pù, pù, pù, bí ọkàn ṣe ń lù. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sáré gan-an, pọ́ǹpù Ìjàpá tó yè kooro lè tú tó 400 cc jáde ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn sún mọ́ ìdajì lítà. Ti orí sítátà á kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé ẹ́ńjìnì kò yára. Agbára ìtú rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Bí epo bá ń dé ẹnu pọ́ǹpù tí kò sì jáde lódì kejì, rọ́bà pẹlẹbẹ inú rẹ̀ lè ti ya, tàbí fáàfù rẹ̀ ti dọ̀tí, tàbí kí ọ̀pá tó ń gún un ti jẹ kúrú. Ẹ tú pọ́ǹpù, ẹ yí ẹ́ńjìnì lọ́wọ́, ẹ wo ọ̀pá náà: nígbà tó bá yọ sókè jù lọ, ó yẹ kó ga tó mílímítà 13 sí ojú ibi tí pọ́ǹpù jókòó lé, pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì, ìpele tín-ínrín tí wọ́n ń fi sábẹ́ pọ́ǹpù, níbẹ̀. Iye gásíkẹ́ẹ̀tì ló ń tún èyí ṣe. Ẹ ò rí i pé ọ̀ràn wà níbẹ̀: ẹni tó bá tò ó ní márùn-ún nítorí pé ọ́ìlì ń jò ti gba agbára lọ́wọ́ pọ́ǹpù, ẹni tó bá sì yọ gbogbo rẹ̀ kúrò ti fún un lágbára àṣejù tó máa mú kábúrétọ̀ kún àkúnya.

Ẹ fa géèjì ọ́ìlì jáde ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń fura sí pọ́ǹpù. Bí ọ́ìlì bá ga ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, tó tinrin, tó ń rùn epo, ẹ pa mọ́tò náà níbi tó wà. Rọ́bà pọ́ǹpù ti ya, epo ń ṣàn lọ sínú ẹ́ńjìnì. Lítà 2.5 péré ni ọ́ìlì Ìjàpá, kò pẹ́ kí epo tó fọ agbára rẹ̀ dànù tí irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Ẹ tún pọ́ǹpù ṣe, ẹ da ọ́ìlì náà nù, ẹ rọ tuntun, kí ẹ tó ṣíná.

Ní báyìí o, ẹ máa gbọ́ ìmọ̀ràn kan láti ẹnu àwọn ọ̀dọ́ mẹkáníìkì: "Ẹ jẹ́ ká fi pọ́ǹpù Toyota tòkunbọ̀ sí i." Pọ́ǹpù mọ́tò oníjẹ́tọ̀, tí kò lo kábúrétọ̀, ń ti epo ní nǹkan bíi 40 psi (ìwọ̀n agbára títì) tàbí jù bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ kékeré tó ń dá epo dúró nínú kábúrétọ̀ Ìjàpá, 3 sí 5 ló mọ̀. Ẹ ń darí odò sẹ́nu ìkòkò ni. Bí ẹ bá fẹ́ lo pọ́ǹpù oníná, èyí tí wọ́n ṣe fún kábúrétọ̀ ni kí ẹ wá, kí ẹ sì dè é sítòsí táńkì.

Ooru

Bí ìdérí táńkì bá mọ́, tí mọ́tò sì ń kú ní ọ̀sán oṣù kẹta nìkan, pàápàá lẹ́yìn tí ẹ ti pa á fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá níwájú ọjà, epo ti hó nínú pọ́ǹpù tàbí họ́ọ̀sì. Afẹ́fẹ́ epo ni pọ́ǹpù ń fà dípò epo fúnra rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tutù lé pọ́ǹpù lórí, ẹ dúró díẹ̀. Bó bá jí, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ìwòsàn rẹ̀ gan-an ni kí ẹ wo páànù irin àti rọ́bà tó yí ẹ́ńjìnì ká. Àwọn mẹkáníìkì máa ń jù wọ́n nù pé wọ́n ń dí àwọn lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnì Ìjàpá lára, páànù yẹn ni kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná ìsàlẹ̀ padà gòkè.

Kábúrétọ̀, nígbẹ̀yìn

Bí epo bá ń dé ẹnu rẹ̀ dáadáa, ẹ lè wá tú u. Bí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́ tí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, tó sì ń kú lórí sílò nìkan, ẹ má tíì tú u rárá. Lára àwọn Solex (irú kábúrétọ̀ tí Ìjàpá ń lò) tó dé lẹ́yìn, nǹkan rogodo kan tó ní wáyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ dẹtí kí ẹ ṣíná láìta sítátà: ó gbọ́dọ̀ dún kẹ́. Bí kò bá dún, wáyà rẹ̀ ti já tàbí òun fúnra rẹ̀ ti kú, kò sì ní jẹ́ kí epo kọjá sí jẹ́ẹ̀tì sílò, ihò tóóró tí epo ń gbà nígbà tí ẹsẹ̀ kò tẹ ẹ́.

Bí ẹ bá máa tú u, ṣúkúrù márùn-ún ló de orí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà lára orí náà, fulóòtì wà nínú ikùn. Ẹ gbọn fulóòtì sétí. Bí nǹkan bá ń dún nínú rẹ̀, epo ti wọ̀ ọ́, kò ní léfòó mọ́. Ẹ fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ibi tí epo ń gbà wọlé lára orí rẹ̀, ẹ wá fi ìka ti abẹ́rẹ́ sókè: afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ dá dúró pátápátá. (Ẹ nu ibẹ̀ mọ́ ná, n kò ní kí ẹ máa mu epo.) Jẹ́ẹ̀tì ńlá wà lẹ́yìn ṣúkúrù kan lára ikùn. Ẹ gbé e sókè síhà oòrùn, ẹ gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ róbótó nínú rẹ̀. Bó bá dí, ẹ rẹ ẹ́ sínú epo, kí fọganáísà fẹ́ ẹ. Ẹ má ti wáyà tàbí ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́. Idẹ rọ̀, ihò náà á fẹ̀ díẹ̀ tí ojú kò lè rí, mọ́tò á wá máa mu epo bí ọ̀mùtí.

Epo àpọ̀jù ni òdìkejì gbogbo èyí: èéfín dúdú, òórùn epo, pọ́lọ́ọ̀gì tó tutù. Kí ẹ tó tú u, ẹ fi ẹ̀yìn síkúrúdíráfà kan ikùn kábúrétọ̀ kó-kó-kó, nígbà mìíràn abẹ́rẹ́ ti há ni. Ẹ wo ṣóòkì náà, ìyẹn ìdérí ọ̀fun kábúrétọ̀ tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, bóyá ó ṣí nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná. Tí méjèèjì bá dára, ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìjókòó rẹ̀ papọ̀, kí ẹ sì padà lọ ka gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ pọ́ǹpù.

Ìrìn ìdánwò

Yíyí ìgboro ká kò tó láti dán an wò. Ẹ rọ epo, ẹ kọrí sí Ọ̀yọ́, tó jẹ́ bíi kìlómítà 50. Ní àárín ọ̀nà, ẹ dúró síbi tó gbòòrò, ẹ má pa ẹ́ńjìnì, ẹ ṣí ẹ̀yìn. Ẹ fi aṣọ funfun gbígbẹ nu gbogbo ẹnu họ́ọ̀sì, abẹ́ pọ́ǹpù àti ìdí ọ̀pá idẹ yẹn. Ẹ wo aṣọ náà, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ooru lè bo pọ́ǹpù mọ́lẹ̀, ẹ wá ṣíná. Bó bá jí lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa lọ. Bí ẹ bá dé Ọ̀yọ́, ẹ tú ìdérí táńkì kí ẹ dẹtí, kí ẹ tó wá ibi tí ẹ ó ti jẹun. Bí ẹ bá padà délé tí aṣọ náà ṣì gbẹ, ẹ ká a, ẹ fi sẹ́yìn ìjókòó pẹ̀lú họ́ọ̀sì tuntun ẹsẹ̀ bàtà méjì, kílíìpù mẹ́rin àti rọ́bà ìdérí kan.